Ṣé àwòrán ọpọlọ lè sọ oògùn tó máa ran màmá mi lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá mi pé ọmọ ọdún 72 lóṣù tó kọjá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti ṣaláìsí ni wọn ò ti ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọn ò jẹun. Wọ́n ní nǹkan ń rìn lórí àwọn bí eèrà, oorun ò kùn wọ́n. Ó tó oṣù mẹ́rin tí wọn ò ti ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọjà Ọba. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó kọ sertraline fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kánádà wá ní òun kà á pé MRI, ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n fi ń wo ọpọlọ àgbàlagbà báyìí, kí wọ́n lè mọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fún un. Owó ti wà nílẹ̀. Ibo ni kí n gbé wọn lọ n'Íbàdàn?

* * *

Kí n tó sọ ibi tí wọ́n ti ń ya á, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí o fẹ́ kí àwòrán náà bá ọ ṣe. Mi ò ní tàn ọ́. Kò sí ẹ̀rọ kan n'Íbàdàn, kò sì sí ní Kánádà tí àbúrò rẹ wà, tí wọ́n á ti màmá sí nínú, tí ìwé èsì á wá jáde pé sertraline ni kí wọ́n lò, pé kí wọ́n má lo escitalopram. Ọdún 29 ni mo fi ya àwòrán ara èèyàn nínú ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Orí tí mo ti rí pọ̀ ju èyí tí onídìrí Òjé rí lọ.

Àbúrò rẹ ò purọ́ ṣá o. Ohun tó kà wà lóòótọ́. Ibi tí iṣẹ́ náà dé dúró ni wọn ò sọ fún un.

* * *

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ ní kí n ṣàlàyé, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá wo MRI ọpọlọ àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ máa ń rí àmì funfun kéékèèké káàkiri, bí ìgbà tí èèyàn ta efun sára aṣọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà ti ń bá jà fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ní i jù. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló bàjẹ́ níbẹ̀, ibi tó sì sábà ń bàjẹ́ sí ni ọ̀nà tí iwájú ọpọlọ fi ń bá inú lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀. Ẹ rò ó bí àdúgbò Bẹẹrẹ: ilé wà ní ìdúró, títì ńlá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kọ̀rọ̀ tó wọ agboolé ti dí. Ẹni tó wà nínú ilé ò gbọ́ ìpè.

Ọdún 1997 ni dókítà Alexopoulos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé e kalẹ̀ pé irú ìrẹ̀wẹ̀sì kan wà lọ́jọ́ ogbó tó jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ló fà á tàbí ló ń tì í lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ìwádìí tó pọ̀ ti rí i pé àwọn tí àmì funfun yìí bá pọ̀ lórí wọn, oògùn máa ń pẹ́ kó tó ràn wọ́n, ẹlòmíràn ò sì ní gbádùn tán. Àwọn olùwádìí mìíràn wá a títí, wọn ò rí i. Ẹ̀yà ọpọlọ kan tún wà tó ń jẹ́ hippocampus, òun ló ń ṣiṣẹ́ ìrántí. Bó bá kéré jù, ara kì í sábà yá bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ èèyàn tí a kó jọ ni gbogbo èyí. Màmá rẹ, ẹyọ kan ni wọ́n. Mo ti ya àwòrán bàbá kan tí ọpọlọ rẹ̀ funfun bálabàla débi pé mo pe ọ̀gá mi kó wá wò ó. Ẹ̀fọ́rí lásán ni bàbá tìtorí ẹ̀ wá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú ọmọ rẹ̀ pé kó yára gbé òun padà sílé, àwọn tí àwọn jọ ń ta ayò ń dúró.

* * *

Ẹnì kan ti fi 89 lé mi lójú. Ó ní lọ́dún 2015, ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwòrán ọpọlọ àwọn àgbàlagbà, ọjọ́ orí wọn àti ìdánwò làákàyè wọn fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì mọ ẹni tí oògùn máa ràn ní nǹkan bí ìgbà 89 nínú 100.

Mo mọ iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ẹ ka iye èèyàn tó wà níbẹ̀: 33 tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì, 35 tí kò ní. Ẹ̀yin ará mi, 33! Micra mẹ́sàn-án á kó gbogbo wọn láti Ìwó Road dé Challenge, àyè á tún ṣẹ́ kù. Télọ̀ tó rán aṣọ fún ilé kan ṣoṣo, tí aṣọ náà sì bá wọn mu wẹ́kú, ó yẹ ká yìn ín. Kò tíì yẹ kó máa rán aṣọ fún gbogbo Ìbàdàn láì wọn ẹnikẹ́ni. Bí iye èèyàn bá kéré báyìí, kọ̀ǹpútà lè kọ́ ìwà àwọn yẹn sórí bí ọmọ ilé kéú tó ń ka Kùránì láì mọ ìtumọ̀. Gbé ọpọlọ tí kò rí rí síwájú rẹ̀, tí ẹ̀rọ mìíràn yà, a ò mọ ohun tó máa kà.

Ẹlòmíràn mú iṣẹ́ Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ti 2013 wá, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ àwòrán mìíràn tó ń jẹ́ PET wo bí ọpọlọ ṣe ń jó súgà. Apá ọpọlọ kan wà tó ń jẹ́ insula: àwọn tí tiwọn ń jó díẹ̀, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ló mú ara wọn yá, àwọn tí tiwọn ń jó jù, escitalopram ló gbà wọ́n. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi nìyẹn, nítorí ó béèrè ìbéèrè tó tọ́: èwo nínú méjì? Ṣùgbọ́n kò sí arúgbó nínú wọn. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wọn bàtà fún màmá ẹni ọdún 72.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "kí wọ́n ṣáà ya á, kò ní pa wọ́n lára", ṣé ẹ ti wọ inú ẹ̀rọ yẹn rí? Ihò tóóró ni. Òòfà ńlá ló yí i ká, ariwo rẹ̀ sì dà bí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ko-ko-ko, gbà-gbà-gbà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè kọjá lórí rẹ̀. Irin kankan ò gbọdọ̀ wọlé. Ìyá kan kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí òun. A yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí irin nínú rẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ìyá kejì ní òun ò ní irin lára rárá. Bẹ́ẹ̀, píìnì ló fi de owó mọ́ ìró lábẹ́. Ní ibi tí mo ṣiṣẹ́ sí gbẹ̀yìn, iná lè lọ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ká parí, ni a ó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mira, àwòrán rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, tí ìbẹ̀rù ti wọ̀ lára, kì í lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo ti gbé irú wọn jáde láì tíì yà nǹkan kan. Ẹ wá ronú sí i: nínú ìwádìí, àwọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ kúrò. Àwọn tó lè sùn jẹ́ẹ́ ni kọ̀ǹpútà fi kọ́ iṣẹ́. Àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá jù lọ, wọn kì í sábà sí nínú ìwé.

* * *

Àwọn kan ti ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ MRI, ọdẹ orí ni, kí a wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Èmi ò ní bú ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé ni Yorùbá ti ní orúkọ fún nǹkan tó ń rìn nínú orí, tó ń lé oorun lọ, tó ń já èèyàn láyà. Lọ́dún 1987, Makanjuola tó jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ kọ̀wé lórí ọdẹ orí lára àwọn aláìsàn Yorùbá. Bí a bá tú u wò, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ló máa ń wà nídìí rẹ̀.

Èyí gan-an ló ń kó wa sí wàhálà àwòrán. Màmá ò ní sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Orí ni wọ́n á dárúkọ. Àwọn ọmọ á gbọ́ orí, wọ́n á sáré lọ ya orí. Ìwé á jáde, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọpọlọ ti súnkì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí. Ilé á dàrú. Mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa, tó ń sunkún pé ọpọlọ ìyá òun ti ń tán lọ. Ní ọdún 72, ọpọlọ ta ni kò tíì súnkì díẹ̀? Tèmi náà ti súnkì, mo sì ń bá yín jiyàn.

Sí ẹni tó ní "ọjọ́ ogbó ni, kò sí oògùn ẹ̀": rárá o. Dókítà Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH níbí ló ṣe ìwádìí tó ń jẹ́ Ibadan Study of Ageing. Wọ́n wọ ilé àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 26 ló ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá rí láyé wọn. Àwọn bí 7 ló ní in láàárín ọdún kan ṣáájú ìgbà tí wọ́n bi wọ́n. Bó bá jẹ́ ogbó lásán ni, àwọn 93 yòókù ńkọ́? Ṣé wọn ò gbó ni?

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n má ya orí àgbàlagbà rárá. Ẹ kú ìbéèrè. Ó dùn mí láti dáhùn, ṣùgbọ́n mo máa dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin di ẹlẹ́mìí jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ wọn. Oṣù méjì gbáko ni gbogbo wa fi ń sọ pé ìbànújẹ́ ni. Wọ́n ń sùn ṣáá. Wọn ò dáhùn bí a bá pè wọ́n. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára. Èmi tí mò ń ya orí àwọn ẹlẹ́ni lójoojúmọ́, mi ò rò ó kàn án. Ọmọ ọmọ wọn, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ló sọ lọ́jọ́ kan pé ṣebí Ìyá ṣubú ní balùwẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. CT, irú àwòrán mìíràn, ni a ṣe, kì í ṣe MRI, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn sáàárín agbárí àti ọpọlọ, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ti dúdú lójú àwòrán. Wọ́n lu agbárí, wọ́n fà á jáde. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti ń bèèrè orúkọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó ẹ̀kọ.

Torí náà, bí àgbàlagbà bá ṣubú tó forí gbá nǹkan, pàápàá tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ. Bí ẹnu bá wọ́. Bí ìrìn bá yí padà tí ìtọ̀ ò sì dúró mọ́. Bí ẹ̀fọ́rí tuntun bá dé tí kò lọ. Bí ìrántí bá ń já lọ kíákíá. Bí ìwà ẹni tí kò rẹ̀wẹ̀sì rí láyé bá ṣàdédé yí padà: ẹ gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ irú àwòrán tó yẹ. Wíwá nǹkan mìíràn tó fara jọ ìrẹ̀wẹ̀sì nìyẹn. Kì í ṣe yíyan oògùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá, àmọ́ ẹ̀tẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ná. Ìwọ tí o bi ìbéèrè, lọ wo ike oògùn màmá ná, kí o ka èyí tó ṣẹ́ kù.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo bi ìbéèrè ni. Màmá ò ṣubú, dókítà ti yẹ gbogbo èyí tí ẹ kà wò. Ẹ ní kí n lọ wo ike oògùn, mo sì wò ó. 30 ni wọ́n fún wa. 22 ló ṣẹ́ kù. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ọjọ́ tí nǹkan bá ń rìn lórí àwọn nìkan ni àwọn ń lò ó, nítorí oògùn orí ni.

* * *

Mẹ́jọ nínú ọjọ́ 21! Wọ́n ń lò ó bíi Panadol. Àbúrò mi, MRI wo ló máa fi ìyẹn hàn ọ́?

Má bá wọn jà. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, bí ara bá ń ro ó ló ń lò ó. Pe dókítà kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà, kó sọ ìwọ̀n tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojoojúmọ́ ni, ṣé orí ń rìn, ṣé kò rìn. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Lára àgbàlagbà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí èèyàn tó mọ ibi tó já sí. Àmọ́ bí ìyípadà kékeré bá ti yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, àmì rere ni, àmì tó wúlò fún dókítà ju àwòrán lọ ní tèmi. Fi ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: oorun, oúnjẹ, ṣé wọ́n jáde síta, ṣé wọ́n bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ohun mẹ́ta tí mi ò fẹ́ kí o gbàgbé. Sertraline àti irú rẹ̀ lè dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kù. Bí òòyì bá ń kọ́ wọn tàbí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ni. Èkejì, bi wọ́n bóyá wọ́n ń ra diclofenac fún orúnkún lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì; òun àti sertraline pọ̀ lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ń mu àgbo, sọ ìyẹn náà fún dókítà, má fi pa mọ́. Ẹ̀kẹta: bí wọ́n bá sọ pé ilé ayé ti sú àwọn, tàbí pé àwọn fẹ́ lọ bá bàbá, má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o gbé wọn lọ, kí o sì kó oògùn kòkòrò kúrò nínú ilé.

* * *

Wọ́n bi mí pé bí wọ́n bá lò ó dáadáa tí kò ràn wọ́n ńkọ́. Ọ̀nà wà. Lọ́dún 2023 ni èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, OPTIMUM, lórí àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì méjì, ó kéré tán, ti kùnà lára wọn. Àwọn 619 ló wà ní ìpele àkọ́kọ́. Fífi oògùn kan tó ń jẹ́ aripiprazole kún oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ mú ayé rọ àwọn èèyàn lọ́rùn ju kí wọ́n pààrọ̀ oògùn náà sí bupropion lọ. Àwọn tí wọ́n fi bupropion kún tiwọn ló sì ṣubú jù. Ohun tí dókítà lè lò láàárọ̀ ọ̀la nìyẹn, wọn ò sì ya ọpọlọ ẹnikẹ́ni láti yan oògùn.

Ohun kejì kò ju bírò àti ìwé lọ. Dókítà lè ní kí màmá dárúkọ ẹranko fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí wọ́n fa ìlà láti nọ́ńbà kan sí èkejì. Bí ọgbọ́n ìṣètò iwájú ọpọlọ bá ti dín kù, irú oògùn bíi sertraline kì í sábà ṣe dáadáa lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀nà kọ̀rọ̀ Bẹẹrẹ kan náà ni mo ṣì ń sọ, bírò ló kàn bá wa dé ibẹ̀. Ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà bó ṣe máa mú ìṣòro rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yan ohun kan tó lè ṣe lónìí, ti ran irú wọn lọ́wọ́ nínú ìwádìí.

* * *

Dókítà ọ̀dọ́ kan ti bínú sí mi. Ó ní irú mi ló ń fa Áfíríkà sẹ́yìn, pé bí a ò bá ya ọpọlọ àwọn àgbàlagbà tiwa, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi òyìnbó kọ́ níṣẹ́ kò ní mọ màmá wa láéláé.

Dókítà wa, ẹ jàre níbẹ̀, mo gbà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Láti 1992 ni wọ́n ti ń wọ ojúlé àwọn àgbà ní Ìdíkàn fún ìwádìí àrùn ìgbàgbé, wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, àwọn tí Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún níbí jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́hùn-ún 2.52. Bí wọn ò bá wá sí Ìdíkàn, ta ni ì bá mọ̀? Bí ìwádìí MRI ìrẹ̀wẹ̀sì bá dé ọ̀dọ̀ wa, mo lè tọrọ àyè kí n wá máa ya á lọ́fẹ̀ẹ́, bí ojú bá ṣì ń gbé e.

Ṣùgbọ́n olùwádìí ló ń sanwó ìwádìí, kì í ṣe ọmọ aláìsàn. Ẹni tó bá gba owó MRI lọ́wọ́ ọmọ opó pé kí òun lè mọ oògùn tí yóò lò, ohun tí kò tíì sí lọ́jà ló tà fún un. Ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀yin ti yà síra.

* * *

Èmi tí mo bi ìbéèrè náà nìyí. A ti rí dókítà lánàá. Àbúrò mi ti gbà pé kí a fi owó náà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn oṣù mẹ́ta àti owó mọ́tò lọ síbi àyẹ̀wò. Ìwọ̀n tuntun ti bẹ̀rẹ̀, alẹ́ ni wọ́n ní kí a máa lò ó. Màmá ní kí n bi yín ní ìbéèrè kan, torí àwọn ò gbẹ́kẹ̀ lé mi: ṣé èèyàn lè jẹ àmàlà kó tó lò ó?

* * *

Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé wọ́n lè jẹ ẹ́, kí ewédú tilẹ̀ wà níbẹ̀. Kí àbúrò tó wà ní Kánádà náà máa pè wọ́n lórí fídíò lásìkò yẹn lálaalẹ́, kó fojú rí i pé wọ́n gbé e mì. Bí wọ́n bá jẹ àmàlà náà tán láì ṣẹ́kù, kọ ìyẹn náà sínú ìwé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.